Bọ́tìnnì Pupa

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta
Ìgbìmọ̀ wa lọ yẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, wò lónìí. Ọdọọdún ni òfin ní kí àwa ará ìlú tó ti búra níwájú adájọ́ lọ. Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n — Eléyín ni mo sọ ọ́, ẹ̀rín rẹ̀ kì í tán — ń mú wa kiri bí ẹni ń fi ilé tuntun hanni. Ní yàrá kẹsàn-án, mo tẹ bọ́tìnnì pupa tí ẹlẹ́wọ̀n fi ń pe wọ́dà. A dúró. A tún dúró. Ẹnikẹ́ni ò wá. Mo tẹ ti yàrá tó tẹ̀lé e. Bákan náà. Eléyín ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, mà. A ti pe àwọn tó máa tún un ṣe." Ìgbà wo? Ó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi.

Ọjọ́ Ajé, 10
Bàbá Wúyẹ́, alága wa, tún rán wa létí ìbúra: títí ìròyìn wa á fi jáde, a ò gbọdọ̀ sọ ohun tí a rí fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọkọ, ì báà ṣe aya. Ìyẹn di oṣù Kẹfà. Mo ní bí ẹnì kan bá kú kó tó dìgbà yẹn ńkọ́? "Nadine, rọra. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde báyìí, àwọn ọ̀gá ẹ̀wọ̀n á bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀." Kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀, 13
Òjò. Oúnjẹ ò wù mí jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Ẹ̀gbọ́n mi Colleen pè. Wọ́n mú Brody ọmọ rẹ̀ lánàá — ó mutí yó, ó wa mọ́tò wọ ọgbà onílé. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí a yẹ̀ wò yẹn ni wọ́n fi í sí; adájọ́ ò jókòó títí di Ọjọ́ Ajé. Colleen tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín: "Jẹ́ kó wà níbẹ̀, orí ẹ̀ á pé." Mo ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà Brody ńkọ́? "Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní bí ara ẹ̀ ò bá yá, kó tẹ bọ́tìnnì."
Ọ̀rọ̀ dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo ní, ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Inú mọ́tò ni mo ti ń kọ èyí, níwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Mo ti yẹ ìbúra mi, mo sọ fún Colleen pé bọ́tìnnì wọn ò ṣiṣẹ́. Colleen ń bọ̀, ó ń sunkún lórí fóònù: "Látìgbà wo lo ti mọ̀?"
Mo ti wọlé, mo ní kí wọ́n lọ wo Brody. Eléyín ló jáde, pẹ̀lú ẹ̀rín náà. Ó ní ọmọ náà ń sùn, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Láti ìjẹta, kò tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."