Bọ́tìnì Tí Ìyá Ọmọ́lẹ́wà Ò Fẹ́ Tẹ̀

Mọ́ńdè, 2 Júùnù 2025
Ó rẹ̀ mí. Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ló ń lo áàpù mi, títí dé Emùré — wọ́n fi ń wo ṣọ́ọ̀bù tó ní oògùn adìyẹ kí wọ́n tó gun ọ̀kadà. Mi ò kàwé kọjá pírámárì, èmi nìkan ni mo kọ ọ́. Àmọ́ ó ń falẹ̀. Gbogbo ìbéèrè ló ń já sínú Àká — dátábéèsì, ibi tí àkọsílẹ̀ gbogbo ọjà wà, ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ — Àká ò ráyè mí.

Túsìdeè, 3
Àbúrò mi Akínwálé, oníkọ̀ǹpútà Èkó, ní kí n tọ́jú ẹ̀dà àwọn ìdáhùn sítòsí. Mo ti mọ̀ kó tó sọ. Mo gbé Agbọ̀n síwájú Àká: ohun tí wọ́n ń bèèrè jù, Agbọ̀n á dáhùn kíá. Ó ku ìgbà tí ẹ̀dà á kú, tí a ó dà á nù. Akínwálé ní kó jẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ní rárá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ò gbà á. Kó wà títí ọlọ́jà á fi tẹ “Ó ti tán”. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, Agbọ̀n á dà á nù, á lọ mú tuntun wá. Orí pé!

Tọ́sìdeè, 5
Ó ń sáré bí ehoro. Mo sùn lọ́sàn-án.

Sátidé, 7
Ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ti wọ ọgbà adìyẹ ẹ̀gbọ́n mi Àríkẹ́ ní Emùré. Áàpù mi ní oògùn wà lọ́dọ̀ Ìyá Ọmọ́lẹ́wà, lápá òkè Olósùnta. Ẹ̀gbọ́n mi gun ọ̀kadà wá nínú òjò. Kò sí — ó ti tán láti Wẹ́síńdè. Ó padà lọ́wọ́ òfo. Adìyẹ ń kú.

Sọ́ńdè, 8
Mo dá Ìyá Ọmọ́lẹ́wà dúró lẹ́yìn ìsìn. Ó wò mí bí ẹni tó ní kó ṣépè. “Bọ̀dá Fáníyì, èmi kì í sọ pé nǹkan tán nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi kó o padà?” Mo bi àwọn ọlọ́jà yòókù. Kò sẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì náà rí. Ìyá tó bí mi gan-an, bí epo tán, “epo ti pọ̀” ni yóò wí. Mo mọ̀, síbẹ̀ mo kọ “Ó ti tán” sára bọ́tìnì. Ó sú mi.

Mọ́ńdè, 9
Bọ́tìnì ti di “Òmíràn ń bọ̀”. Ẹ̀dà oògùn á sì máa kú láràárọ̀, bí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí wọn ò tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù lè pẹ́ nínú Agbọ̀n. Akínwálé ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Mo ní tèmi yàtọ̀. Ìyá Ọmọ́lẹ́wà tẹ̀ ẹ́ kí n tó jẹun tán.

Túsìdeè, 10
Áàpù ní oògùn wà ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́jà. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo pe Ẹ̀gbọ́n Àríkẹ́. Adìyẹ tó kù ò pọ̀ mọ́. Ó ní: “Mi ò wo fóònù mọ́. Dìde nínú ulé, lọ fi ojú ẹ rí i.”
Mo fẹsẹ̀ rìn lọ. Mo di oògùn náà mú lọ́wọ́ kí n tó pè é.