Afẹ́fẹ́ Tí Kì Í Gbé Ìṣẹ́jú Kan, Tí Ó Sì Ní Orúkọ

Láídé ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́, ó di ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lónìí tí o ti kúrò ní Ìkẹ́nnẹ́ padà sí yunifásítì ní Èkó. Ṣé ara le? Ṣé ìwé ń wọlé? Ọlọ́run tí ń ṣọ́ opó yóò máa ṣọ́ ọmọ opó. Obì so jìngbìnnì lọ́dún yìí, ewúrẹ́ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ sì bí mẹ́ta.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo ka ti afẹ́fẹ́ tórọ́ọ̀nù tí ẹ ń kọ́, tí ń jáde lára òkúta, tí ojú kò rí, tí ń ta ìtànṣán, tí ìdajì rẹ̀ sì ń kú kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ìdajì wo ni ó ń kú, apá orí ni àbí apá ẹsẹ̀? Kí ẹ tó kí i tán, ṣé kò ní ti lọ? Jọ̀ọ́, má jókòó tì í. Mo fi kánfọ̀ ránṣẹ́, rán an mọ́ etí aṣọ rẹ.

O ní ara tóríọ̀mù, ìyá rẹ̀ inú òkúta tí ó bí i, ni wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀, pé Tọ́ọ̀, òrìṣà àrá àwọn òyìnbó ilẹ̀ òtútù, ni wọ́n sì fi sọ ìyá náà. Mo sọ fún Alàgbà Owólabí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó pariwo pé àwọn òyìnbó tí wọ́n ní kí baba òun dáná sun ère Ṣàngó, àṣé wọ́n ní tiwọn nílé tí wọ́n fi ń sọ ọmọ! Adétóun aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú, ó ní kí n bi ọ́ ta ni ó pa àgbò ìkómọ.

Ọ̀rọ̀ àgbò yẹn ni mo gbé sùn. Ọjọ́ kẹjọ ni àwa ń sọ ọmọ lórúkọ, ohun tí kì í gbé ìṣẹ́jú kan yìí ṣe wá ní orúkọ? O mọ̀ pé mo bí ọkùnrin kan ṣáájú rẹ. Ọjọ́ karùn-ún ni ó lọ. Wọ́n ní kí n má sunkún, pé kò tíì jẹ́ ẹnì kankan. Bàbá rẹ ti mú orúkọ sílẹ̀ dè é, Lásúnkànmí, kò sì pè é mọ́ títí òun náà fi lọ lọ́dún tó kọjá. Èmi nìkan ni mo kù tí mo mọ̀ ọ́n.

Àbẹ̀kẹ́, bí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé bá lè sọ afẹ́fẹ́ lórúkọ, ọmọ mi yóò jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Mo bá Alàgbà sọ ọ́, ó kọ́kọ́ họ orí, lẹ́yìn náà ó ní òun yóò wá gbàdúrà lọ́jọ́ Sátidé. Inú mi dùn bíi ti ìyá ọmọ tuntun, mo ti fọ aṣọ funfun mi! Obì wà nílé, iyọ̀ wà. Fi owó díẹ̀ rán Fàtáì awakọ̀ sí mi kí n fi ra oyin. Wàá pẹ́ láyé ju gbogbo ohun tí o ń kọ́ lọ, orúkọ rẹ kò ní parẹ́.

Èmi ìyá ẹ̀yin méjèèjì ni mo kọ ọ́. Láti Sátidé lọ, bí mo bá ń gbàdúrà òwúrọ̀, èmi yóò máa pe orúkọ yín, tirẹ̀ ṣáájú, tìrẹ tẹ̀lé e.