Àbàtà Ni, Kì í Ṣe Alata

Bàbá mi tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Ẹ kú ìsinmi o. Kí Ọlọ́run bá mi kẹ́ yín. Ara mi ò balẹ̀ láti àárọ̀. Ayọ̀ ni o, kì í ṣe aburú. Mo ní láti rò ó fún ẹnì kan, ẹ̀yin sì ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Ẹ wò ó, Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́! Èmi tí mo máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn láti Kánádà, tí ẹ ó kàn rẹ́rìn-ín, tí ẹ ó máa bá Yorùbá yín lọ. Láti ìgbà tí mo ti parí ẹ̀kọ́ tí mo padà sí Àkrà, Ìyá Ràfíù tó ń ta ike àti garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín ní Kotobabi ló ń kọ́ mi. Tí mo bá gbé àmì ohùn síbi tí kò yẹ, á ní mo ti sọ ọkọ òun di ọkọ́.

Máàpù kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé jọ ni. A kì í sanwó kí a tó lò ó. Ẹni tó bá mọ àdúgbò kan á fi sí i. Ẹni tó bá rí àṣìṣe á tún un ṣe. Bàbá mi, obìnrin kan ní Bràsíìlì, tí kò dé Gánà rí, ló wo fọ́tò tí wọ́n yà láti ojú sánmà, tó fa ìlà yí òrùlé ṣọ́ọ̀bù yín ká! Mo kọ̀wé dúpẹ́, mo ní ibẹ̀ ni bàbá mi ti tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe títí ó fi kú. Ó ní òrùlé lásán lòun rò pé òun ń fà.

Àwa tí a wà nílé ló ń fẹsẹ̀ rìn, tí à ń fi orúkọ àti gọ́tà sí i, torí òjò. Ẹ mọ bí omi ṣe ń ṣe Kotobabi. Àdúgbò ti rí kọ̀ǹténà kan gbà, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa kó ọjà sí tí òjò bá ṣú. Orí máàpù yẹn la ti yan ibi tí a ó gbé e sí. Ilẹ̀ gbalasa ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yín ló wọ̀ wá lójú: ó fẹ̀, kò sílé níbẹ̀, ó sì gbẹ táútáú nínú fọ́tò. Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Alata ni mo kọ.

Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ, àbí kí n sọ pé mo rò pé mo gbọ́ ọ. Tí mo bá pè yín, ẹ máa ń ní ẹ wà lẹ́yìn, ní Alata, ẹ ń gba atẹ́gùn. Fóònù ń já, èmi náà ò sì gbọ́ Yorùbá tó. Alata làwọn ará Gánà ń pe àwa Yorùbá, mo bá gbà pé àwọn èèyàn wa ló tẹ ibẹ̀ dó. Mo tiẹ̀ kọ ìyẹn náà sí i! Orí mi wú.

Nígbà tó yá, a fi ẹ̀rọ tan máàpù náà sára ògiri mọ́sáláásí kí àwọn àgbà lè fọwọ́ sí i. Wọ́n ti ń mi orí pé ó dáa kí Ìyá Ràfíù tó dìde.

“Aláta? Ta ló ń ta ata níbẹ̀?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní bàbá mi ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

“Bàbá ẹ? Bàbá ẹ tí àwa jọ ń jókòó níbẹ̀ lójoojúmọ́? Àbàtà ló ń pè é, ìwọ ọmọ Kánádà yìí! À-bà-tà! Kí wọ́n tó da iyẹ̀pẹ̀ sí i, ẹja la máa ń rí níbẹ̀. Inú omi lẹ fẹ́ gbé ọjà wa lọ?”

Ẹ̀rín dá. Bàbá mi, ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tí ẹ fi máa ń gbé gbogbo maṣíìnì oníbàárà lé orí búlọ́ọ̀kù kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, títí kan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pa Alata rẹ́, mo kọ Àbàtà, mo sì fi hàn pé ilẹ̀ olómi ni. Wọ́n gbé kọ̀ǹténà lọ sórí òkè lẹ́bàá ilé ìwé.

Lánàá, òjò rọ̀. Ẹ ò bá rí i! Àbàtà kún dé ìbàdí mi. Ṣùgbọ́n garawa Ìyá Ràfíù, aṣọ àwọn télọ̀, maṣíìnì yín méjì tó kù, gbogbo rẹ̀ ló gbẹ nínú kọ̀ǹténà. Ìyá Ràfíù ń jó nínú ẹrẹ̀!

Láàárọ̀ yìí ni lẹ́tà tún dé láti Bangladéṣì. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́hùn-ún, tí omi ń yọ àwọn náà lẹ́nu, rí àtúnṣe tí mo ṣe. Wọ́n ti fi ìbéèrè kan kún ìwé tí wọ́n ń gbé kiri ojúlé: kí ni àwọn àgbà ń pe ibí yìí? Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ti dé Bangladéṣì, Bàbá!

Orúkọ ibòmíràn mélòó lẹ ti sọ létí mi tí mo jẹ́ kó kọjá? Kí lẹ ń pe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a máa ń bá wọ Kokomlemle? Mo rántí ìró rẹ̀, mi ò rántí ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Ìyá Ràfíù ń lọ bá àwọn àgbà àdúgbò Darkuman. Èmi ni mo máa bi wọ́n ní orúkọ ibẹ̀, ní Yorùbá. Tí ọ̀rọ̀ kan ò bá yé mi, mi ò ní ṣe bí ẹni tó gbọ́. Màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un sọ. Gbogbo ọdún tí a fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mi ò ní kí ẹ tún ọ̀rọ̀ kankan sọ rí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.