Ìlà Òkun Lọ́rùn Màámi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní kámẹ́rà ní ká ya ẹnì kan lọ́nà mẹ́ta: odindi ara, ìbàdí sókè, àti ojú nìkan. Màámi ni mo yà, létí òkun Gberefu níbi tí wọ́n ti ń ṣa àgbọn. Látìgbà tí bàbá mi ti kú, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà kó ya fọ́tò wọn.

Mo fi ti odindi ara hàn wọ́n. Ojú wọn yí padà.

"Sẹ̀nàmi, òkun tó gbé bàbá rẹ lọ, o tún fi là mí lọ́rùn?"

Òótọ́ ni. Ibi tí òkun ti pàdé sánmà gba ọrùn wọn kọjá bí okùn. Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún wa nípa ẹ̀, n ò sì rí i. Ojú tì mí gan-an.

Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, mo tún un yà. Òkun sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí wọn, orí wọn dá dúró lójú sánmà. Mo ti mọ̀ pé ó dáa kí n tó fi hàn wọ́n.

Wọ́n wò ó pẹ́.

"Tẹ èyí jáde fún mi. Ẹ̀gbẹ́ fọ́tò bàbá rẹ ni kí o gbé e kọ́ sí."