Akọni Tí Kò Bojú Wẹ̀yìn

Ṣọ́ọ̀bù Ìwé Rírán,
Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Olójú-mẹ́rin mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ṣé ó ti ń wálẹ̀? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì sọ orí rẹ di funfun tán? Ara tèmi yá. Ọkàn ni kò yá.

Ọ̀rọ̀ ìwé alápá méje tí o yìn fún mi ni mo bá wá. Kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń yìn ín o. Àwọn oníbàárà ti kà á títí ó fi já, wọ́n ń gbé e wá kí n tún un rán, ẹ̀rín ni wọ́n sì máa ń rín bí wọ́n bá dárúkọ akọni rẹ̀. Mo ti ka apá márùn-ún, mi ò gbádùn ojú ewé kan. Ẹja tó ń fò, òkè tó ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́. Ọmọkùnrin yẹn gan-an ni ara mi ò gbà. Ní orí kejì, ó mú fìtílà kan ṣoṣo tó wà nílé, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ìyá bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀, kò dáhùn. Láti ìgbà náà ó ti pa ejò abìyẹ́ mẹ́ta, ó ti gba adé, kò béèrè ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ilé làbọ̀sinmi oko. Oko tèyí ò lópin. Mo bi nọ́ọ̀sì kan tó gbé tirẹ̀ wá. Ó ní, "Ìyá wo? Ṣé ó ní ìyá ni?"

O mọ̀ pé àkọ́bí mi ló fi àwọn ìwé náà sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tó ń lọ sókè òkun. Ó ní, "Màmá, ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọmọ yìí, ẹ ti mọ̀ mí nìyẹn." Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pè, ó di oṣooṣù. Láti ọdún titun, foonù rẹ̀ á dún títí, kò ní gbé e. Mo rò pé bí mo bá lè fẹ́ràn akọni yìí, ọmọ tèmi á yé mi. Mi ò lè fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń rán apá kìíní ti nọ́ọ̀sì yẹn, mo tún dúró ka ibi ẹnu ọ̀nà náà. Ìgbà tí àtè gbẹ tán ni mo rí i pé ẹ̀yìn pátápátá ni mo rán orí kejì mọ́. Ìwé parí sẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Mo ń tú okùn, mo ń sunkún.

Mi ò lè ka apá méjì tó kù, ṣùgbọ́n ìwọ ti ka apá keje. Má sọ ẹni tó kú tàbí ẹni tó jọba fún mi. Ṣé ó padà délé? Ìyẹn nìkan ni kí o kọ. Bí kò bá padà, kọ bẹ́ẹ̀ náà. Èsì burúkú sàn fún mi ju kí foonù máa dún lọ.

Bá mi kí baálé rẹ, kó má fi ẹsẹ̀ yẹn rìn jù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wọ̀nà,
Ìyá Aránwèé.