Oògùn Inú Báàgì Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ló ru sókè burúkú, la bá sáré gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù pàjáwìrì. Dókítà fa oògùn sí i lára, ó ní díẹ̀díẹ̀ làwọn máa mú ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀, pé tó bá já wálẹ̀ lójijì, ó lè ba ọpọlọ jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ kí àbúrò mi kú ni?" Bí nọ́ọ̀sì ṣe kẹ̀yìn, ó yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiẹ̀ nínú báàgì, ó kó o sí ọkọ mi lẹ́nu. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ náà já wálẹ̀ lóòótọ́. Kílẹ̀ tó ṣú, apá ọ̀tún ọkọ mi ti rọ, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n wá ní ó ṣi oògùn fún un, wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń pariwo jù pé nọ́ọ̀sì náà ló jẹ̀bi. Tó bá ń fún àbúrò rẹ̀ lóúnjẹ, ọkọ mi á kàn tẹjú mọ́ mi, bí ẹni tó ní kí n sọ̀rọ̀, tàbí bí ẹni tó ń bẹ̀ mí kí n dákẹ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, èwo ni kí n gbà pé ó ń wí?