Àwòrán Ìyá Rẹ Láti Ìsọ̀ Obì

Ilé Ṣóbọ̀wálé,
Màkún, Ṣágámù.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, 1982.

Ọmọ́yẹni, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tọkàntọkàn láti ilé. Mo nírètí pé òtútù Ìlú Ọba kò tíì wọ inú egungun rẹ, àti pé àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ń fi sùúrù bá ọ lò. Ara tèmi le. Ẹ̀yìn nìkan ló ń dùn mí díẹ̀díẹ̀, nítorí bí mo ṣe máa ń tẹ̀ mọ́ tábìlì láti òwúrọ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ka ibi tí o ti ní ojú ìyá rẹ ti ń parẹ́ mọ́ ọ lọ́kàn, pé bí o bá di ojú, aṣọ rẹ̀ lo máa ń rí, o kì í rí ojú rẹ̀ mọ́. O ní kí n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, nítorí mo mọ̀ pé bí n kò bá tètè ṣe é, èmi náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Fọ́tò kan ṣoṣo tó wà ní pálọ̀, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Fọ́tọ́gíráfà ní kó má rẹ́rìn-ín, kó gbé àgbọ̀n sókè, ló bá le gbagidi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Obìnrin inú fọ́tò yẹn kọ́ ni ìyá rẹ.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ìwé ìròyìn Rẹ́rìn-ín Díẹ̀ ṣì ń fún mi ní ojú ewé àárín, àwọn ènìyàn sì ṣì ń ṣí i wò kí wọ́n tó ka ohunkóhun. Láìpẹ́ yìí mo ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ kọngílá, agbaṣẹ́ṣe kan tó gbẹ́ ọ̀nà lẹ́bàá Simawa tó sì pa á tì. Mo yà á níbi tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú kòtò náà, tòun ti fìlà lórí. N kò kọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà wá sílé wa fúnra rẹ̀, ó bi mí pé, "Ṣé imú mi tóbi tó báyìí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ pé ẹ̀yin ni?" Ìyàwó rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà tí kátápílà padà sójú ọ̀nà. Inú mi dùn. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn tí mo lè fi gègé àti tàdáwà ṣe tó dára tó ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò rò pé o mọ̀, nítorí ilé ìwé lo máa ń wà ní àkókò náà. Nígbà tí ìyá rẹ wà láyé, kò sí àwòrán mi kan tó kúrò ní Ṣágámù lọ sí Èkó láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbé e dé ìsọ̀ obì ìyá rẹ. Bí àwọn obìnrin ìsọ̀ náà bá ti ń bó obì gbànja, tí wọ́n ń ṣà á, màá kàn gbé àwòrán sókè, n kò ní sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó di Èkó. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé, "Lèsí rèé?", bí àwa ará Rẹ́mọ ṣe ń bèèrè ẹni tí èèyàn jẹ́, mo padà sílé nìyẹn, mo fà á ya. Ìyá rẹ ló le jù nínú wọn. Á ní, "Bàbá Ọmọ́yẹni, ẹ tún ti ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dé fìlà."

Nígbà tí mo wá fẹ́ ya òun náà fún ọ, mo fi ọ̀wọ̀ yà á. Mo we gèlè rẹ̀ dáadáa, mo pa ẹnu rẹ̀ dé, mo mú gbogbo ìlà iwájú orí rẹ̀ kúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Fámúyìwá, wá kí mi, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Èyí dára. Kì í ṣe pé kí o lọ fi àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́ bí o ti ń fi àwọn olóṣèlú ṣe." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, mo bá gbé e lọ sí ìsọ̀ obì. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, n kò tíì débẹ̀.

Mo gbé e sókè bí mo ti máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Lìádì, tó gba ipò olórí ìsọ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ, nu ọwọ́, ó súnmọ́ ọn, ó sì ní, "Lèsí rèé?"

Ọmọ́yẹni, mo tún gbé e sún mọ́ wọn. Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ó jọ ìyàwó káńsẹ́lọ̀." Nígbà tí mo wá sọ ẹni tó jẹ́ fún wọn, Ìyá Lìádì ká ọwọ́ lérí. Ó ní, "Àtinúkẹ́ wa? Ẹ ṣì í mú. Àtinúkẹ́ tí kì í pa ẹnu dé! Ẹ jókòó, Bàbá Ọmọ́yẹni, ẹ jẹ́ ká fi hàn yín."

Ó fà mí lọ síbi pákó tí wọ́n ń jókòó lé, ó sì ṣe bí ìyá rẹ. Ó gbé èjìká òsì sókè, ó di ojú kan, ó gbé obì kan sí iwájú ojú kejì, ó yọ ètè sí i bí ẹni pé kò dára. Òmíràn ní, "Rárá o, gèlè rẹ̀ a ti yọ̀ wá sí etí ná." Òmíràn ní, "Ẹ má gbàgbé obì tó bá fọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló ń fi í sí." Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń jà lórí bó ṣe máa ń na ìka sí oníbàárà. N kò tíì ya àwòrán lójú ènìyàn rí, àmọ́ mo fa pẹ́ńsù yọ níbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ni mo kọ́kọ́ yà, mo jẹ́ kó wú bíi bọ́ọ̀lù. Mo ya ojú kan ṣoṣo tó là, mo jẹ́ kó tóbi ju apẹ̀rẹ̀ obì lọ. Gèlè ń bọ́. Ètè yí sí ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́ bú ẹnì kan.

Nígbà tí mo gbé e sókè, ẹ̀rín tí wọ́n rín, àwọn ará ìsọ̀ kejì sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Lìádì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ìgbà tó yá, ó ń sunkún. Ó ń pe orúkọ rẹ̀ sí àwòrán náà. Sàídì tó máa ń kó obì lọ sí òkè Ọya wọlé lákòókò yẹn, ó rí i, ó ta gìrì. Ó ní, "Háà! Ó tún ń wò mí bí olè. N kò ní ná owó obì mọ́ lónìí." Àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Mo fi han Bàbá Fámúyìwá. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Bó ṣe máa ń wo èmi náà nìyẹn, bí mo bá ń parọ́."

Àwọn obìnrin ní ìsọ̀ ni àwòrán náà yóò wà. Mo kọ̀. Mo ní ọmọ rẹ̀ ló bèèrè rẹ̀, àti pé màá ya òmíràn fún wọn. Mo sì ti yà á, ó dára, ṣùgbọ́n kò tó ti àkọ́kọ́. Olóòtú wa ní Èkó gbọ́, ó fẹ́ gbé ti àkọ́kọ́ náà sí iwájú ìwé ìròyìn, mo ní kó dúró dè ọ́, nítorí ìwọ lo ni ojú náà kí ó tó di ti ẹnikẹ́ni. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ló dára jù nínú ohun tí ọwọ́ mi yà. N kò tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Lìádì fúnra rẹ̀ ló fi páálí wé e.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ rẹ tu aláìsàn lára. Kí o parí ẹ̀kọ́ rẹ láyọ̀, kí o sì bá èmi àti ilé yìí láyọ̀. Ojú ìyá rẹ ló wà nínú páálí yìí, Ọmọ́yẹni. Má gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Oyèbọ̀dé Ṣóbọ̀wálé.

Àfikún: Má tú páálí náà ní wọ́ọ̀dù lójú àwọn aláìsàn. Dúró dé yàrá rẹ, kí o ti ilẹ̀kùn, kí o lè rẹ́rìn-ín bí ó bá ṣe wù ọ́. Àbàwọ́n pupa tó wà ní igun ìsàlẹ̀, omi obì ni. N kò pa á rẹ́.